Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ rédíò

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ rédíò, pàápàá ẹ̀yin kọ́pà àti ọmọ IT tí wọ́n ń kó wá bá wa l'Ákúrẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi tipẹ́, ètò tẹ́ ẹ ṣe nígbà tí ìbò 2015 pé ọdún mẹ́wàá ló jẹ́ kí n kọ ọ́. Ẹ ní káwọn èèyàn pè wọlé, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ tí Godsday Orubebe, aṣojú PDP níbi tí wọ́n ti ń ka èsì ìbò ààrẹ, kojú Jega tó jẹ́ alága INEC nígbà náà lórí tẹlifíṣàn. Ètò yẹn dùn, mo gbádùn ẹ̀. Àmọ́ bàbá kan pè láti Òkè Àró, ó ní alẹ́ ni, òjò ń rọ̀, Jonathan sì ti pe Buhari láti kí i kú oríire kí Orubebe tó dìde. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ẹ gbé orin sí i, kò sẹ́ni tó tún un ṣe.

Ojúmọmọ ni o. Túsìdeè 31 oṣù March 2015, ní International Conference Centre l'Ábújá. Nǹkan bí aago 5:15 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Jonathan tó pe Buhari, ó sì ti di òru mọ́jú Wẹ́sìdeè kí Jega tó kéde ẹni tó wọlé. Bàbá ò purọ́ o, ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ló sọ, iṣẹ́ tiyín ni láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ẹ kọ aago kẹ́ ẹ tó kọ ọ̀rọ̀.

Èkejì: ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ṣé ojú yín ló rí i ni, àbí ẹnìkan ló pè.

Ẹ̀kẹta ni pé kẹ́ ẹ má gbára lé orí yín, ó dá yín lójú o, kò dá yín lójú o. Ulric Neisser, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Emory l'Amẹ́ríkà, ti dán èyí wò pẹ̀lú Nicole Harsch. Challenger tó ń gbé àwọn èèyàn lọ sí òfurufú bú gbàmù ní January 28, 1986, ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra, gbogbo àwọn 7 tó wà nínú ẹ̀ ló kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ọdún méjì ààbọ̀ àti díẹ̀, wọ́n tún bi 44 nínú wọn, 11 ò gba ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n. Àwọn kan tó gbọ́ ọ ní kíláàsì ń sọ pé orí tẹlifíṣàn làwọn ti rí i, ọkàn wọn sì balẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n fi ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ hàn wọ́n, síbẹ̀ ti àkọ́kọ́ ò padà wá sí wọn lórí. Tó bá jẹ́ pé mo ti ka èyí nígbà yẹn ni, mi ò bá kà á fún àwọn pánẹ́ẹ̀lì tó wádìí ọ̀rọ̀ kan nílé iṣẹ́ wa.

Torí ó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ o. Èmi ò sí ní situdíò lọ́jọ́ Orubebe yẹn, wọ́n ní kí n lọ gba ohùn àwọn ará ọjà wá, ni mo bá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣàn ní Ọba Adésidà. Gbogbo èèyàn ti rọ́ síbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọn ò tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì rù ò sọ ọ́, ó kàn fọwọ́ kan dì í mú, ó ń na ọrùn. Ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá l'Óǹdó gan-an, Mímikò gómìnà wa ti fi Labour sílẹ̀ bọ́ sí PDP ní 2014, APC wá tún mú ìpínlẹ̀ wa, ẹnu gbogbo èèyàn ló ń gbóná. Orubebe di máìkì mú, ó ń pariwo pé Jega ń ṣègbè, Jega jókòó, kò dá a lóhùn, àfìgbà tó yá tó ní kó ṣọ́ra fún ohun tó ń sọ, pé mínísítà ni í ṣe rí. Ibẹ̀ la wà tí rédíò télọ̀ kan lẹ́yìn wa gbé ohùn ilé iṣẹ́ wa jáde: INEC ti dá kíkà ìbò dúró. Ojú wa ń rí Jega lórí tẹlifíṣàn, etí wa ń gbọ́ pé wọ́n ti dá a dúró! Àwọn tí ò rí tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n ń pe ilé ìwé ọmọ wọn, wọ́n rò pé ìjà ti dé. Mo kọ aago sínú jọ́tà mi lórí ìdúró.

Nígbà tí mo padà dé, ọkọ̀ ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ géètì. Mo kọ ìyẹn náà. Àbúrò wa obìnrin tó wà lórí afẹ́fẹ́ ń sunkún, ó ní ọ̀gá ló pe òun láti ilé pé kóun kéde ẹ̀ kíá káwọn tó kù má baà gbà á mọ́ wa lọ́wọ́.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni pánẹ́ẹ̀lì tó jókòó lórí ìkéde yẹn. Ọ̀gá ní inú yàrá ìròyìn lòun wà láti àárọ̀, pé òun tiẹ̀ kìlọ̀ fún wọn. Àwọn méjì búra pé àwọn rí i, ọ̀kan ní ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù àti táì ló wọ̀, èkejì ní àǹkárá ni. Mi ò gbà pé àwọn méjèèjì ń purọ́, wọ́n ti gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu ọ̀gá títí tó fi di tiwọn. Fóònù tí àbúrò wa fi gba ìpè ọ̀gá ti bàjẹ́, ó ti jù ú nù. Mo gbé jọ́tà mi sílẹ̀, wọ́n kà á, wọ́n ní ìwé ara mi nìyẹn, pé lọ́ọ̀gùbúùkù situdíò, ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tó lọ sórí afẹ́fẹ́ sí, làwọn mọ̀. Wọ́n ṣí lọ́ọ̀gùbúùkù, ìpolówó ọṣẹ àti orin ló wà níbẹ̀, ìlà tó yẹ kí ìkéde yẹn wà ṣófo. Bí wọ́n ṣe lé ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Ó mọṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ wa lọ, ohùn ẹ̀ ń wọ̀ èèyàn lára, ó sì ń dùn mí títí dòní. Nígbà tí ọ̀gá fẹ̀yìntì, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, ó tún sọ bóun ṣe dúró gbágbá nínú yàrá ìròyìn lọ́jọ́ Orubebe, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, mo dìde, mo bá tèmi lọ.

Lọ́ọ̀gùbúùkù tuntun wà lórí tábìlì ní situdíò. Mo ti fa ìlà sí i: aago, ohun tí wọ́n sọ, ẹni tó ní ká sọ ọ́, nọ́ńbà tó fi pè. Tí ọ̀gá kankan bá pè yín láti ilé, títí kan èmi, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí máìkì.