Ohùn Odò, Ohùn Ìlù: Bí A Ṣe Ń Fi Etí Tọ́jú Ọkàn

Ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí ọkàn rẹ̀ gbóná bí ààrò, bí a bá gbé orin jẹ́jẹ́ sí i létí lójijì, inú ló sábà máa ń bí i. Kò ní í pé ìṣẹ́jú méjì tó fi máa pa á, á sì sọ pé orin kì í ṣiṣẹ́ fún òun. Orin ń ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni kò bá a mu. Ẹni tó wà lókè àjà nílò àkàsọ̀ kó tó lè fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, a kì í ní kó fò.

Àwọn ìyá àgbà wa mọ èyí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rẹ ọmọ tó ń ké kíkankíkan. Wọ́n á kọ́kọ́ máa fọwọ́ lù ú lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ọwọ́ wọn lè bá igbe ọmọ náà dọ́gba, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa dẹ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ á fi sùn. Ohun kan náà ni dókítà Ira Altshuler ní Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ ní 1948 fún àwọn tó ń fi orin tọ́jú aláìsàn: kí orin kọ́kọ́ bá ọkàn níbi tó wà, kó tó máa fà á lọ síbi tí a ń fẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ to orin tó máa gba bíi ìṣẹ́jú 25 sórí fóònù, kó jẹ́ ìpele mẹ́ta. Fún ẹni tí àníyàn tàbí ìbínú mú, ìpele àkọ́kọ́ á jẹ́ ìṣẹ́jú 5, pẹ̀lú orin tí ìlù rẹ̀ yá, bíi 110 sí 130 ní ìṣẹ́jú kan. Fújì tó ń sáré wúlò níbẹ̀. Ìpele kejì á gba ìṣẹ́jú 8, kí ìlù wálẹ̀ sí 80 tàbí 100. Ìpele ìkẹyìn ló gùn jù, ìṣẹ́jú 12, kí ìlù wà láàárín 60 sí 70, ìyẹn bíi ìwọ̀n tí ọkàn àgbàlagbà fi ń lù nígbà tó bá sinmi. Kí ìpele yìí má ní ọ̀rọ̀ nínú, a ó sì dé ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ má fi orúkọ ẹ̀yà orin mọ ìyára rẹ̀. Wákà kan lè falẹ̀, kí òmíràn máa sáré. Ẹ wo ọwọ́ aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá orin náà kanlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá jẹ́ 17, 68 nìyẹn. Fún ìpele àárín, irú àpàlà tí Haruna Ishola ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe dára gan-an. Orí ìjókòó ló ti ń kọrin, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti ìlù ló ń lò, kò sì da ohun èlò òyìnbó mọ́ ọn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń lọ déédéé láìyẹsẹ̀ ni ọkàn ń rí dì mú. Kí ẹ kàn ṣọ́ra fún àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ṣe láti inú àwo àtijọ́ tó ti họ, torí pé ìró tó ń ta pàrà lójijì á máa já ara gbà kúrò lọ́wọ́ orin.

Ti ìbànújẹ́ yàtọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, tí kò fẹ́ dìde lórí ibùsùn, orin tó falẹ̀ tó sì jinlẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi fẹ́ mira. Òwúrọ̀ ni kí ẹ ṣe é. Bí ẹ bá fi orin ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn ń fi han ẹni náà bó ṣe jìnnà sí ayọ̀ tó ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìlù, nítorí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ nípa tiwa. Wọ́n á ní kí o lo orin tí kò ní ọ̀rọ̀ láti fi sùn, nítorí pé ọpọlọ tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ á máa wá ìtumọ̀ rẹ̀ kiri. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gángan tí ẹnikẹ́ni kò kọrin sí ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó sì dàgbà nídìí ìlù, bí wọ́n bá lu oríkì ìdílé rẹ̀, orí rẹ̀ á wú, àyà rẹ̀ á gòkè, ojú rẹ̀ á là kedere. Ìyẹn kì í ṣe oorun. Nítorí náà ẹ má fi gángan tàbí dùndún sí ìpele ìkẹyìn, bó ti wù kí ó rọra tó. Fún òru, agídìgbo nìkan ló bọ́ sí i jù, kí wọ́n ta á lọ́ra. Òun náà ń pòwe, àwọn àgbà sì ti sọ pé bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òwe tirẹ̀ pa mọ́ ju ti gángan lọ, etí lè fi í sílẹ̀ kó máa kọjá.

Ibi tí gángan ti wúlò ni òwúrọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kú. Oríkì ló lágbára jù níbẹ̀, ohùn ènìyàn sì dára ju èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ. Kí ẹni tó mọ oríkì náà, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó ilé, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹni náà, kó má ṣe dúró lé e lórí. Kó pè é ní orúkọ oríkì rẹ̀, Àjọkẹ́ tàbí Àkànní, kó ki í fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kó sì dákẹ́. Kó má bi í pé "ṣé ara ti yá?" Ọmọ Alárè, bí a ṣe ń ki ọmọ Ìjẹ̀bú, tó gbọ́ pé òun ní ìran lẹ́yìn, kò pọn dandan kó fèsì lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ní àkókò kan náà.

Ìró odò, òjò, ẹyẹ àti kòkòrò náà ní agbára tiwọn. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Sweden fi ìṣirò dààmú àwọn ènìyàn 40, wọ́n wá jẹ́ kí wọ́n sinmi pẹ̀lú ìró omi àti ẹyẹ, tàbí pẹ̀lú ariwo. Wọ́n fi òógùn tó ń wá sí awọ ara wọn díwọ̀n bí ara ṣe ń rọlẹ̀. Ara tètè rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ omi àti ẹyẹ ju ìgbà tí wọ́n gbọ́ ariwo lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìró inú igbó ló ń tuni lára níbí. Òwìwí tó ń ké lóru wà nínú ọ̀pọ̀ àkójọ tí wọ́n pè ní ti oorun. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú, bó bá ké, àdúrà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó dàgbà sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣe Orò, ìró afẹ́fẹ́ tó ń han fìì lè mú un rántí alẹ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn sínú ilé. Òjò orí páànù ńkọ́? Ó dùn mọ́ ẹni tí òrùlé rẹ̀ kò jò. Ẹni tí àgbàrá ti wọ ilé rẹ̀ rí á máa fetí sí i láti mọ ibi tí yóò ti jò. Òjò orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń dámọ̀ràn dípò rẹ̀: ó ń kán lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì bo gbogbo ìró yòókù mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní ìró kankan, ẹ béèrè pé, "Kí ni èyí ń rán yín létí?"

Èyí tí ẹ bá gbà sílẹ̀ fúnra yín ló dára jù, kò sì nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ dé etí omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Oòrùn ń yọ ní agbègbè wa láàárín bíi aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje, àsìkò tó yí i ká ni ẹyẹ ń ké jù. Afẹ́fẹ́ kò tíì le, ọ̀kadà kò sì tíì pọ̀ lójú títì. Etí Ọ̀ṣun níbi tó ti gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí ọ̀sà dára, bẹ́ẹ̀ ni ìṣàn kékeré ẹ̀yìn oko ẹnikẹ́ni. Inú yàrà Erédò Súngbọ́ ní Òkè-Ẹ̀rí náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, nítorí ògiri ilẹ̀ tó ga ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń dínà ariwo ọkọ̀. Igbó J4 ní ìró tó pọ̀ jù wọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n igbó ìjọba ni, erin sì wà níbẹ̀. Ẹ gba ìyọ̀ǹda, kí ẹ má sì dá lọ.

Ẹ fi fóònù sí flight mode, kí ìpè má baà gé e. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ òwú tó mọ́ wọ orí ibi tí fóònù fi ń gbọ́ ohùn, torí afẹ́fẹ́ tó bá kàn án á máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fẹnu fẹ́ iná. Ẹ ká aṣọ kan, kí ẹ gbé fóònù lé e, bíi mítà kan sí omi, kì í ṣe ojú ibi tí omi ti ń já lulẹ̀. Omi tó ń já lulẹ̀, bí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, kò ní í yàtọ̀ sí ìró rédíò tí kò rí ilé-iṣẹ́ kankan mú. Ẹ gbà á fún ìṣẹ́jú 12, ẹ rìn kúrò níbẹ̀, kí ẹ má sì dúró máa mí sí i. Bí ẹ bá délé, ẹ gé ìṣẹ́jú-àáyá 30 àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn kúrò, ẹsẹ̀ yín ló wà níbẹ̀. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ dáadáa, ẹ tún gba ti ọ̀pọ̀lọ́ àti kọ̀ǹkọ̀ lóru.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, asán ni bí jẹnẹrétọ̀ bá ń bú lójú fèrèsé. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbé e jìnnà: níta gbangba, bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ ń dín ní bíi dẹ́síbẹ̀lì 6. Ẹ má torí ariwo gbé e wọ ilé tàbí sábẹ́ fèrèsé, èéfín rẹ̀ ń pani láìjẹ́ kí ènìyàn mọ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó ga ju ẹ̀rọ náà lọ, tó dínà láàárín òun àti fèrèsé yín, ń ṣiṣẹ́. Aṣọ fèrèsé tó nípọn kò lè ṣe púpọ̀ sí ìró tó ń kùn nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kù, ẹ fi ìró omi bò ó, kí sípíkà wà láàárín yín àti fèrèsé náà, kó má wà lẹ́yìn yín. Sípíkà inú fóònù nìkan kò tó, kò lè gbé ohùn tó wà nísàlẹ̀ jáde. Sípíkà kékeré tó ní Bluetooth á ṣe é.

Kí ohùn má pọ̀. Bí ẹ bá ní láti gbóhùn sókè kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ó ti pọ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá dẹ́síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, kí ọmọdé má kọjá 75. Sípíkà tó ń bá ọmọ ọwọ́ sùn kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn ju mítà 2 lọ. Ẹ tún ṣọ́ra fún ìpolówó ọjà tó ń já wọ inú orin lórí YouTube: ìpele ìkẹyìn ni ara rọ̀ jù, ìpolówó kan ṣoṣo níbẹ̀ ti fi gbogbo ìṣẹ́jú tó ṣáájú ṣòfò. Ẹ gba orin náà sórí fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ kò bá ní fóònù tàbí iná, ẹ ní imú. Ẹ jókòó, ẹ pa ètè dé kí eyín má kan ara wọn, ẹ mí sínú fún ìṣẹ́jú-àáyá 4, kí ẹ wá máa kùn bí oyin fún ìṣẹ́jú-àáyá 6 bí ẹ ṣe ń mí síta. Ìgbà mẹ́fà nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Ọkàn ń falẹ̀ nígbà tí a bá ń mí síta, ìdí nìyẹn tí mímí síta fi gùn jù. Ìṣẹ́jú 5 tó. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ ti ń mí sínú jù, ẹ padà sí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀fun bá ń họ, ẹ ti ń kùn sókè jù.

Orin tí òkú fẹ́ràn, ẹ má ṣe gbé e fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ àyàfi tó bá béèrè. Bó bá béèrè, ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹkún níbẹ̀ kò burú. Àmì tó burú ni kí èémí rẹ̀ máa yára síi, kí ojú rẹ̀ máa wo ibi kan láìṣẹ́, tàbí kó ní òun ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ẹ pa orin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ tan iná, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórúkọ. Ẹni tí kò lè sùn tàbí jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ pé ikú yá ju èyí lọ, orin kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà ní Ṣàgámù, Àrò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, sì wà ní Abẹ́òkúta.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, etí á ti mọ ìró kan ṣoṣo náà, kò sì ní í fà á mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹ ní tó mẹ́ta, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Bí ìpele ìkẹyìn bá parí, ẹ má dìde. Ẹ pa sípíkà, kí ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ fetí sí ohun tó kù nínú ilé: aago ara ògiri, ẹdìyẹ aládùúgbò, ẹni tó ń gbálẹ̀ lágbàlá.