Ohun tí fláàṣì kò lè gbé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ọ̀rọ̀ fláàṣì ni mo bá wá. Dátà wọ́n ní Tanke níbí. Bí ẹnì kan bá ti rí sọ́fútíwíà fà sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wa ti ń gbà á. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ni fláàṣì ń gbé.

NEURON, sọ́fútíwíà tí a fi ń ṣe àfarawé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ló kọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń lo Ubuntu, irú Linux kan, kó fóldà iṣẹ́ rẹ̀ fún mi, àtàwọn fáìlì .mod, àti fóldà x86_64. Windows lèmi ń lò, kò sì ṣiṣẹ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yọ NEURON kúrò, tí mo tún ń fi í padà, àṣé NEURON ò ṣẹ̀ mí rárá. Inú .mod la máa ń kọ bí ion, èérún tó ní iná lára, ṣe ń wọ sẹ́ẹ̀lì tó sì ń jáde. Àṣẹ nrnivmodl ló ń sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ní èdè tirẹ̀: lórí Linux, x86_64 ló ń kó o sí, lórí Windows, nrnmech.dll ni ẹ máa rí. Mac tó ní chip Apple, arm64 ni. Fáìlì .mod nìkan ni kí ẹ gbà, kí ẹ tẹ àṣẹ náà fúnra yín. Ẹni tó bá ń lo Mac, kó kọ́kọ́ tẹ xcode-select --install, kó lè ní compiler, ohun tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ.

Ká ní mo ti mọ̀ ni, mi ò bá ti fi hh dán an wò. Àwòṣe bí iná ṣe ń rìn nínú sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hodgkin àti Huxley gbé jáde ní 1952 ni, inú NEURON ló ti wà tẹ́lẹ̀. Bí hh bá ṣiṣẹ́ tí ti yín kò ṣiṣẹ́, .mod ni kí ẹ lọ wò, ẹ má yọ nǹkan kan.

Fáìlì .whl tí pip, irinṣẹ́ tí èdè Python fi ń gba sọ́fútíwíà, ń fà náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìparí orúkọ rẹ̀: win_amd64, manylinux, macosx. cp311 ni Python 3.11. Èyí tó bá parí sí none-any, ibikíbi ló ti ń ṣiṣẹ́.

NEST, sọ́fútíwíà àfarawé mìíràn, kò ní ti Windows. Ẹ tẹ wsl --install, kí Linux lè ṣiṣẹ́ nínú Windows yín, kí ẹ fi conda, irinṣẹ́ tó ń gbé sọ́fútíwíà wọlé bíi pip, gbé e sínú Ubuntu ibẹ̀.

Brian2, òun náà sọ́fútíwíà àfarawé, ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí kì í kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Bí kò bá rí compiler C++, á kọ ìkìlọ̀ kan, á wá máa fi numpy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò Python, wọ́ lọ. Mo rí ìkìlọ̀ yẹn, mo kọjá lọ. Iná lọ lóru, bátìrì kú, iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì. Ó dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi han olùkọ́ mi láàárọ̀ ni.

Ẹni tó bá ń lo Windows pẹ̀lú Python 3.11, kó mú fláàṣì wá. Mo ti fi pip download kó Brian2 àti gbogbo ohun tó ń bá a rìn pa mọ́.