Ọpẹ́ Wa ní Ẹ̀pẹ́ Kí Ọkọ̀ Wa Tó Tún Ṣí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa mẹ́sàn-án tí a jọ wọkọ̀ ní Igbókọ̀dá ni a jọ ni ọpẹ́ yìí, èmi ni wọ́n kàn ní kí n gbẹnu sọ fún wọn.

Edé àti ẹja gbígbẹ ni a kó, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin ni a sì ń lọ, ní ọ̀nà omi tí ó gba Ẹ̀pẹ́, Èkó àti Àgbádárìgì kọjá. Ìrìn ọjọ́ kìíní kò tíì parí tí abẹ́ ọkọ̀ wa fi gbá kùkùté igi kan tí ó rì sínú ọ̀sà Lẹ́kí, tí omi sì ń tú wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi kú, nítorí pé koríko orí omi ti dí ibi tí ó ti ń fa omi tí ń mú un tutù. A ń fi abọ́ gbọ́n omi, a ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, a sì ń ké pe Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀wù amúniléfòó márùn-ún péré ni ó wà fún ẹni mẹ́sàn-án, mo sì jẹ́wọ́ pé ẹ̀bi tiwa ni. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọnù.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo dìde láti jẹ́rìí sí gan-an ni ohun tí a rí nígbà tí a fa ọkọ̀ náà gòkè. Bàbá tí ó bá wa tún un ṣe fi òòlù kan pákó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹtí sí ìró wọn. Ibi tí kùkùté gbá kò ju kí a pààrọ̀ pákó kan lọ. Nígbà tí ó dé apá ẹ̀yìn, ìró náà yí padà. Ó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ọ̀bẹ sì wọlé dé èèkù. Pákó mẹ́ta ti jẹrà lábẹ́ ọ̀dà tí a fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ìṣó wọn ti dípẹtà. Bàbá ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí kò lè gba ìgbì ọ̀sà Èkó.” Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ bí afẹ́fẹ́ òkun ṣe ń ru omi náà sókè ní ọ̀sán, tí etídò sì jìnnà sí ọkọ̀. Ká ní kùkùté yẹn kò dá wa dúró ni, ibẹ̀ ni a ò bá wà ní ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ mẹ́fà ni bàbá náà fi ṣiṣẹ́. Ó fi ọ̀pẹ̀pẹ̀ rọ́pò pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi òwú àti ọ̀dà dí gbogbo ojú àlàfo, ó sì ní kí a so ọkọ̀ náà mọ́ èbúté ní òfìfo títí di ọjọ́ kejì, kí pákó tuntun lè mu omi, kí ó wú, kí ó sì fún mọ́ra. Nígbà tí a yọjú sí i láàárọ̀, inú rẹ̀ gbẹ. Mo sunkún. A ti tú ẹ̀rọ fọ̀, a ti po òróró ẹ̀rọ ìdajì lítà mọ́ epo bẹntiróòlù kẹ́ẹ̀gì oní lítà 25, ẹ̀wù amúniléfòó sì ti pé mẹ́sàn-án. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ tún bá wa yan ẹja tí omi bà jẹ́, wọn kò gba kọ́bọ̀.

Ní ìdájí ọ̀la, kí afẹ́fẹ́ tó dìde, a ó ṣí. Ọlọ́run tí ó fi pákó jíjẹrà hàn wá, ìwọ ni a wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.