Bí àgbà bá ṣubú nínú òjò dídì

Nígbà tí mo pe Màámi ní Ìbàdàn pé èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa ń lọ sórí òkè fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Àdúrà kí lẹ fẹ́ gbà? Ṣé kò sí nǹkan o?"

Wọn ò jẹ̀bi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ní òun ń lọ sórí òkè, ààwẹ̀ ló fẹ́ lọ gbà, tàbí kí nǹkan máa lé e. Abẹ́ òkè Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun. Òkè'Bàdàn fúnra ẹ̀, ọdọọdún là ń bọ ọ́. Pé kéèyàn gun òkè tán kó máa yọ̀ wálẹ̀, kó sì tún sanwó fún un, ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà.

Calgary là ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, ó ti pé ọdún méje báyìí. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló fa gbogbo ẹ̀. Bí àwọn tíṣà ṣe máa ń kó wa lọ wo ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tiwa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó tiwọn lọ kọ́ síkì, ìyẹn eré kéèyàn de pátákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀ kó máa yọ̀ lórí òjò dídì, ní WinSport, òkè kan létí ìlú níbi tí wọ́n ti ṣe apá kan ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1988. Ọmọ ti mọ̀ ọ́n ṣe, àwa òbí ẹ̀ là ń dúró nísàlẹ̀ bá a mú kóòtù dání. Nígbà tí ìsinmi Family Day dé, ìyẹn Ajé kẹta nínú oṣù kejì, tí wọ́n ti ń ṣe ní Alberta láti ọdún 1990, a gbà fún un pé a ó lọ.

Láti Calgary dé Banff tó nǹkan bí 130 kìlómítà. Ọgbà Banff yìí ni ọgbà ìjọba àkọ́kọ́ ní Kánádà, láti orí ibi ìsun omi gbígbóná tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1885 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí a ń lọ ni wọ́n ń pè ní Sunshine Village. Mọ́tò kì í dé hótẹ́ẹ̀lì ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ la ti fi mọ́tò wa sílẹ̀, wọ́n gba àpótí aṣọ wa, a wá wọ gòńdólà, yàrá kékeré onífèrèsé gíláàsì tí okùn irin ń fà gba ojú òfurufú lọ. Igi tó wà lábẹ́ wa funfun láti orí dé ìdí. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀, a ti wà ní nǹkan bí 2,160 mítà sókè. Òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, 2,419 mítà ni. Ẹ wá wo ibi tí ibùsùn wa wà. Mo gun àtẹ̀gùn méjì péré, mo sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré.

Òjò dídì. Ní Sunday School ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, nínú ìwé Aísáyà, níbi tí Ọlọ́run ti ní ẹ̀ṣẹ̀ wa yóò funfun bí òjò dídì. Ìyá tó kọ́ wa kò rí i rí, àwa náà ò rí i rí, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ ọ́n sórí. Ohun tí mo mọ̀ nílé ni yìnyín tó ń bá òjò wá, tó ń ró gbàgà-gbàgà lórí páànù, tí àwa ọmọdé ń sáré ṣà jẹ. Òjò dídì kì í ró. Ó rọ̀ ní gbogbo òru ọjọ́ àkọ́kọ́, n kò mọ̀, àfìgbà tí mo ṣí fèrèsé láàárọ̀ tí mo rí i pé ó ti bo àga ìta mọ́lẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi wé ilé. Bí ilẹ̀ bá ṣú ní hótẹ́ẹ̀lì ní Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ ó gbọ́ orin láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìnáwó, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń bá ẹlòmíì jà lórí owó. Lórí òkè yìí, bí gòńdólà bá ti dúró lálẹ́, kò sẹ́ni tó ń lọ, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Iná ò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ràn iná yẹn, n kò ní parọ́. Àmọ́ ẹ kò ní rí ẹni tó máa kí yín bí a ṣe ń kí ni nílé. Ní Ìbàdàn, kí n tó dé ìdí káńtà, "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ìrìn" ti dún, ẹnì kan ti gba ẹrù lọ́wọ́ mi. Níbí, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ rẹ́rìn-ín sí mi, ó béèrè orúkọ mi, ó sì fi orúkọ náà pè mí gan-an bí mo ṣe sọ ọ́. Ọdún méje rèé, ara mi ò tíì gbà á.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ọyẹ́ gidi ni. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ oṣù Ṣẹẹrẹ, tí ètè ń là, tí gìgísẹ̀ ń ṣán, ti mọ ìdajì ohun tó máa bá pàdé. Adín àgbọn tí mo gbé lọ dì sínú ìgò. Òrí tí Màámi fi ránṣẹ́ ló gbà wá. Oòrùn ibẹ̀ náà kì í ṣe eré: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lè dá tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún padà lára ìtànṣán tó ń jó awọ. Ọkọ mi ní oòrùn kì í jó aláwọ̀ dúdú. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ kejì, imú ẹ̀ ti ń bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ìpara oòrùn.

Kí wọ́n tó fún wa ní bàtà, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú wa pé ká fọwọ́ sí i: bí a bá ṣèṣe, a ò ní pè wọ́n lẹ́jọ́. Bàtà síkì le bí igi, kì í tẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀, kéèyàn tó lè rìn nínú ẹ̀, gìgísẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kanlẹ̀. N kò lè de tèmi. Olùkọ́ wa, ọmọkùnrin kan láti Ọsirélíà, kúnlẹ̀ sílẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan ẹ̀, ó fa ṣòkòtò mi jáde kúrò nínú bàtà kó má bàa há mi lójúgun, ó wá dè é ní ìkọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ wá sókè.

Ọ̀gá kúnlẹ̀ fún ẹni tó wá kọ́ṣẹ́! Aránṣọ ni Màámi, inú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Mọ́kọ́lá ni mo dàgbà sí. Ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀, ilẹ̀ ló máa gbá, omi ló máa pọn, oúnjẹ ọ̀gá ló máa lọ rà. Lẹ́yìn náà ló tó kan kíkán bọ́tìnnì. Kó tó jókòó sídìí maṣíìnì, ó ti lè ju ọdún kan lọ. N kò bú ọ̀nà yẹn o. Àwọn tó gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ Màámi mọ iṣẹ́, wọ́n sì mọ ènìyàn í bá gbé. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọdé nìkan la ṣe é fún. Ọdún 41 ni mo wà. N kò mọ ibi tí mo lè dúró sí nílé kí n sọ fún ọmọ tí mo lè bí pé, "N kò mọ̀ ọ́n, kọ́ mi", kí ojú má tì mí, kí ojú má sì ti òun náà. Ọ̀pọ̀ wa ló ti fi odò wíwẹ̀, kẹ̀kẹ́ gígùn, kódà ìwé kíkà, sílẹ̀ títí ayé nítorí pé ìgbà ti kọjá.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ wa kọ́ wa ni bí a ṣe ń ṣubú. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú, ẹ má fi ìdí lélẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ kọ́kọ́ dá pátákó ẹsẹ̀ méjèèjì bú gẹ̀ẹ́rẹ́ òkè, kí ó má bàa tún gbé yín lọ. Lẹ́yìn náà ló kọ́ wa ní bí a ṣe ń dúró: ẹ jẹ́ kí orí pátákó méjèèjì sún mọ́ra níwájú, kí ẹ̀yìn wọn yà síra bí ègé píísà. Bẹ́líìtì gbọọrọ kan, bí àtẹ̀gùn tó ń dá rìn, ló ń gbé àwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ padà sókè.

Mo ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárọ̀ yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣubú, ẹ̀yìn ni mò ń wò. Ẹ mọ òwe wa, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. N kò rò ó, ara mi ló ń ṣe é: kí ló gbé mi ṣubú, ta ló rí mi? Ọmọkùnrin yẹn wá bá mi ní ẹ̀kẹfà, ó ní, "Má wo ẹ̀yìn. Ibi tí ojú bá ń wò ni síkì ń lọ." Kò gbọ́ òwe Yorùbá rí. Mo jókòó nínú òjò dídì níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mò ń ro ohun tó sọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù mí kù. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọsẹ̀ ní títì, gbogbo èrò ọjà á ní "Pẹ̀lẹ́ o", onígbá ata, onímọ́tò, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Níbí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ pé mo gbìyànjú. Ó dára, ó fún mi lágbára. Àmọ́ ara tó lu ilẹ̀ ń fẹ́ pẹ̀lẹ́. Ní ọ̀sán, mo tún lọ lulẹ̀ lẹ́bàá okùn ààlà, ni mo bá gbọ́ tí nǹkan ya òjò dídì ṣàà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ mi ni. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹnu ẹ̀ kò pọ̀. Ó na ọ̀pá ẹ̀ sí mi, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, Mọ́mì."

Lálẹ́, nínú adágún omi gbígbóná tó wà níta hótẹ́ẹ̀lì, tí irun orí wa ti gan, obìnrin kan bi mí bóyá àwọn ará Nàìjíríà ń ṣe irú eré yìí. Mo sọ ti Simidele Adeagbo fún un, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Toronto. Ọmọ ọdún 36 ni nígbà tó dorí kodò sáré skeleton, eré kéèyàn dojú bolẹ̀ lórí pátákó kékeré kó máa fi orí ṣáájú yọ̀ wálẹ̀ lójú ọ̀nà yìnyín, fún Nàìjíríà ní Pyeongchang ní Gúúsù Kòríà ní 2018, obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Òlíńpíìkì, kò sì tíì pé ọdún kan tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ti àbúrò ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀nà tí wọ́n fi àmì róbótó aláwọ̀ ewé sí, ìyẹn ọ̀nà tó rọrùn jù, títí dé ẹnu ọ̀nà hótẹ́ẹ̀lì, n kò ṣubú. Onígun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù, àmì ọ̀nà tó le ju ìyẹn lọ, ṣì ń bẹ lọ́jọ́ iwájú, dáyámọ́ńdì dúdú tó tún le sí i ń bẹ lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti forúkọ sílẹ̀ ní WinSport fún ọjọ́ Sátidé.

Mo pe Màámi ní fídíò, mo sì fi hàn wọ́n bí mo ṣe ń bọ̀ láti òkè. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò sọ nǹkan kan nípa òkè. Ṣòkòtò tí mo wọ̀ ni wọ́n béèrè. Wọ́n ní omi ò wọnú ẹ̀? Mo ní kò wọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n bọ́ ọ, kí n yí inú ẹ̀ síta, kí n gbé e sún mọ́ fóònù. Mo fi ojú rírán hàn wọ́n, ibi tí wọ́n ti fi téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ gbogbo ihò abẹ́rẹ́ pa láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Màámi wọ awò ojú wọn. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ẹni tó rán eléyìí," ni wọ́n wí, "ó kọ́ṣẹ́. Fà á dáadáa kí n rí ibi tí téèpù méjì ti pàdé."