Ọmọbìnrin Tó Da Àwo Oògùn Nù

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Oorun kò kùn mí dáadáa láti àná. Ìtàn kan ni mo kà kí n tó sùn, òun ni mo sì ń rò káàkiri ilé lónìí. Nígbà tí mo ń fọ ẹja gbígbẹ lọ́sàn-án, ọkàn mi tún sáré padà síbẹ̀, torí ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀.

Yi Ja-gyeom ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìjòyè ńlá ni ní ilẹ̀ Kòríà, lásìkò ìjọba Goryeo, nígbà tí Kaesong jẹ́ olú-ìlú. Ó ti pẹ́ tí ìdílé rẹ̀ ti ń fi ọmọ fún ọba. Yi Ja-yeon, bàbá bàbá rẹ̀, fi ọmọbìnrin mẹ́ta fún Ọba Munjong nìkan. Ja-gyeom náà fi ọmọbìnrin rẹ̀ kejì fún Ọba Yejong, ìyẹn ló bí Injong. Yejong wàjà ní 1122, ọmọ ọdún 13 péré ni Injong, bàbá ìyá rẹ̀ yìí ló sì dúró tì í tó fi gorí ìtẹ́.

Bàbá tó bí ìyá ọba, kí ló tún ń wá? Àmọ́ kò fẹ́ kí ìdílé mìíràn fi ọmọ tiwọn fọ́ba. Ló bá fa ọmọ rẹ̀ kẹta fún Injong ní 1124, ó tún fi ìkẹrin tẹ̀ lé e ní 1125. Àbúrò ìyá ọba ni àwọn méjèèjì! Nílẹ̀ tiwa, ìyá la ń pe irú wọn. Mo kọ́kọ́ gbé ìwé náà sílẹ̀ níbẹ̀ ná.

Ní 1126, àwọn èèyàn ọba fẹ́ mú un, kò bọ́ sí i. Òun àti Cheok Jun-gyeong, ọ̀gágun rẹ̀, dáná sun ààfin, wọ́n sì mú ọba lọ sílé Yi. Àsọtẹ́lẹ̀ kan wà tó gbà gbọ́: bí a bá tú àmì tí wọ́n fi ń kọ Yi palẹ̀, ó di “mẹ́wàá, mẹ́jọ, ọmọ”, ẹni tó bá sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò jọba.

Ó fi májèlé sínú àkàrà ìrẹsì, ó gbé e fún ọba. Ọmọ rẹ̀ kẹrin ló yọ́ sọ fún ọkọ rẹ̀. Wọ́n jù ú fún kannakánná, ẹyẹ náà kú. Lẹ́ẹ̀kejì, bàbá gbé àwo májèlé lé ọmọ náà gan-an lọ́wọ́ pé kó gbé e fún ọba mu. Ó gbé e. Ó ṣe bí ẹni tó kọsẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dànù.

Ìkọsẹ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Kò pariwo, kò pe bàbá rẹ̀ ní apààyàn lójú gbogbo ayé. Ó gba ọkọ là, ó sì bo bàbá láṣìírí lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà ti dúró láàárín bàbá mi àti ọkọ mi rí, ọ̀rọ̀ owó lásán ni, síbẹ̀ mo rántí bí ọ̀fun mi ṣe gbẹ.

Nígbẹ̀yìn, ọba fa ojú Cheok mọ́ra, Cheok sì kẹ̀yìn sí Yi, ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n lé Yi lọ sí Yeonggwang, ibẹ̀ ló kú sí kí ọdún tó parí. Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé ó fi ẹja oníyọ̀ tí wọ́n sá gbẹ ránṣẹ́ sí ọba, ó sì pè é ní gulbi, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun kò tẹríba.

Wọ́n yọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lóyè ayaba. Ọba kò gbàgbé èyí tó kọsẹ̀, ó fún un ní ilẹ̀ àti ẹrú. Injong wàjà ní 1146, obìnrin náà wà láyé títí di 1195.

Ṣé ó fẹnu kan ẹja Yeonggwang rí?