Béèrè Ibi Tí Fọ́tò Náà Ń Lọ

Ní ilẹ̀ Òkun níbí, láàárín àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, bí o bá sọ pé fọ́tógíráfà ni ọ́, ọjọ́ Sátidé rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìwúyè, ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì: ibẹ̀ ni owó ti máa ń wọlé fún ọ̀pọ̀ wa, n kò sì ní fi ọwọ́ òsì júwe ibẹ̀. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ló ń gbé mi jáde ní Kàbà: ilé iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ọjà tí ẹnì kan fẹ́ tà fún ẹni tí kò lè fọwọ́ kàn án. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń bi mí pé kámẹ́rà wo ni kí àwọn rà kí àwọn náà lè bọ́ síbẹ̀. Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́ ìbéèrè kan ná: ibo ni fọ́tò náà ń lọ?

Níbi àríyá, ẹni tó wà nínú fọ́tò náà ló máa wò ó. Bí ojú bá ti dán, tí gèlè sì dúró, ó parí. Ti ilé iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pè ọ́, ẹni tó máa sanwó, ẹni tó máa lo fọ́tò náà àti ẹni tí wọ́n fẹ́ fi hàn lè jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni ìkẹyìn yẹn sì lè má tẹ ilẹ̀ Kogi láéláé.

Ọ̀gá kan pè mí pé kí n wá ya ẹ̀rọ tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ̀rọ tó ń lọ gbàgúdá. “Yà á kó dán gbinrin,” ló wí. Mo ní, “Ọ̀gá, ta ni ẹ fẹ́ fi hàn?” Ó ní báńkì ni. Iṣẹ́ náà yí padà lójú ẹsẹ̀. Báńkì kò wá ẹwà. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ, pé ẹ̀rọ náà ti dúró lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀ tí wáyà iná sì ti wọ̀ ọ́, àti pé ilé tí ẹ̀rọ náà wà ni ilé tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ara irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó ń dán ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sí. Bí o bá da fíláàṣì bò ó láti iwájú, funfun lásán lo máa rí. Ẹ̀gbẹ́ ni mo ti tan iná kékeré sí i, kí òjìji lè wọnú ihò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò tí kò lẹ́wà rárá yẹn ni wọ́n lò jù nínú gbogbo ohun tí mo yà lọ́jọ́ náà.

Bó bá jẹ́ pátákó ẹ̀gbẹ́ títì ni, ọ̀nà mìíràn lo máa gbà. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí Lọ́kọ́ja kò ní àyè láti wo nǹkan méjì, nítorí náà ohun kan ṣoṣo ni kó wà níbẹ̀, kí apá kan sì ṣófo fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ. Kàlẹ́ńdà sábà máa ń fẹ́ fọ́tò òòró. Bí wọ́n bá sì máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, sọ fún oníbàárà tẹ́lẹ̀ pé àwọ̀ búlúù àti gírínì tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà máa ṣá díẹ̀, torí yíǹkì kò lè gbé gbogbo àwọ̀ tí iná lè gbé. Ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ju kó gbọ́ ọ lẹ́nu atẹ̀wé.

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ ìpolówó ọjà kò ní iyì tó iṣẹ́ ọnà. J.D. ’Okhai Ojeikere, tí ayé mọ̀ nítorí fọ́tò irun dídì àwọn obìnrin, ilé iṣẹ́ ìpolówó West Africa Publicity ní Èkó ló bá ṣiṣẹ́ láti 1963 kó tó dá ilé fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1975. Ẹ jẹ́ kí n kọjá níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, tí ọ̀pọ̀ fọ́tógíráfà kì í kà sí, ni fọ́tò ilé tó ń gòkè. Kọngílá fẹ́ gba owó ìpele tó parí, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un sì wà ní Àbújá. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí o dúró síbi kan náà nígbà gbogbo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo máa ń rìn yí ilẹ̀ náà ká, mo máa mú igun mélòó kan tí ògiri ọ̀la kò ní dí mọ́ mi lójú, mo sì máa fi ọ̀dà sàmì síbi tí ẹsẹ̀ tráípọ́ọ̀dù dúró sí. Mo máa kọ bó ṣe ga tó sílẹ̀, pẹ̀lú lẹ́ǹsì tí mo lò. Bó bá jẹ́ 24mm lónìí, 24mm náà ni lóṣù tó ń bọ̀. Wákàtí kan náà ni mo máa ń lọ, kí òjìji lè ṣubú sápá kan náà. Tí o bá to wọn tẹ̀ lé ara wọn, ilé náà máa ń dìde lójú ẹni, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn bóyá òpó ti wà tàbí kò tíì sí. Irin tí wọ́n ti da kọnkéré bò ńkọ́? Kò sí ẹni tó tún lè rí i mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ fóòmànù pé kó pè mí kí wọ́n tó da kọnkéré, mo sì máa ń na tépù sórí irin náà kí àlàfo tó wà láàárín wọn lè hàn. Ẹni tí fọ́tò náà ń lọ bá jẹ́ ẹnjiníà, tépù yẹn ló máa kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ simẹ́ǹtì wá kàn. Ọbajana, ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀rọ̀, ni ilé iṣẹ́ simẹ́ǹtì Dangote tó lè ṣe mílíọ̀nù 16.25 tọ́ọ̀nù lọ́dún wà, irú ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ sì máa ń fa àwọn kéékèèké mọ́ra: àwọn tó ń tún tírélà ṣe, àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, àwọn tó ń fọ́ òkúta, àwọn tó ń se oúnjẹ fún òṣìṣẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni fọ́tógíráfà bíi tèmi ti ń rí iṣẹ́. Eruku ni ọ̀tá ibẹ̀. Eruku simẹ́ǹtì kì í ṣe eruku ọ̀nà oko. Ó máa ń ha gíláàsì, bí omi bá sì kàn án, ó máa ń dì. Má ṣe fi aṣọ tútù nu lẹ́ǹsì níbẹ̀. Fẹ́ ẹ kúrò ná pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, kí o tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a. Má ṣe pààrọ̀ lẹ́ǹsì láàárín eruku náà rárá. Bí agbára bá gbé e, gbé kámẹ́rà méjì dání, kí lẹ́ǹsì ọ̀kan máa gba àyè fífẹ̀, kí ti èkejì máa fa ohun tó jìnnà súnmọ́. Bí kò bá gbé e, yan lẹ́ǹsì kan nílé, kí o sì fara mọ́ ọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Iná inú ilé iṣẹ́ náà ní wàhálà tirẹ̀. Iná ìjọba wa jẹ́ 50 hertz, nítorí náà ọ̀pọ̀ iná fuloréṣẹ́ǹtì àti LED olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kò rí i, kámẹ́rà rí i: ilà dúdú á kàn máa la fọ́tò já láti etí kan dé èkejì. Fi ìyára ṣọ́tà kámẹ́rà rẹ, ìyẹn bó ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, ilà náà á lọ. Fèrèsé ń mú ìmọ́lẹ̀ búlúù wọlé, gílóòbù òkè ń yọ pupa rúsúrúsú, aṣọ iṣẹ́ kan náà á sì ní àwọ̀ méjì. Níbi tí wọ́n bá gbà mí láyè, mo máa ń ní kí wọ́n pa ọ̀kan nínú méjèèjì.

Kí n tó gbé kámẹ́rà wọ irú ibẹ̀, mo ti kọ́kọ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Mo fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń yí, ibi tí fíláàṣì lè dẹ́rù ba ẹni tó ń wakọ̀ àgbérù, ibi tí gáàsì tàbí epo wà. Okùn kámẹ́rà tó ń fì lọ́rùn, ewu ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì tó ń sáré. Níbi tí wọ́n ti ń fi àdó fọ́ òkúta, bí wọ́n bá ní kí o pa fóònù, pa á. Irú àdó tí wọ́n fi wáyà iná tanná sí wà tí ìgbì rédíò lè dáná fún. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bẹ ọ̀gá ààbò ibẹ̀ pé kó dúró tì mí. Òun ló mọ ohun tí ojú mi kò lè rí: òṣìṣẹ́ tí kò dé akoto, bọ́tìnnì tó ṣí sílẹ̀, sílípáàsì ẹnì kan lábẹ́ tábìlì. Àwọn ọ̀gá ní olú ilé iṣẹ́ wọn máa rí fọ́tò yẹn ní Èkó, wọn kò sì ní lò ó, bó ti wù kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára tó. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ńkọ́? “Òkun o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yà yín?” Kò gba àkókò. Ẹni tí o kí, ejìká rẹ̀ máa ń rọ̀.

Dírónù: bí o kò bá ní ìwé àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, má gbé e sókè. Pẹ̀lú bí ojú ọ̀nà wa ṣe rí lónìí, kò sí sójà tó máa rò pé eré lò ń ṣe.

Aṣọ ni mo fẹ́ sọ díẹ̀ lé lórí, torí aláṣọ ni wá. Ògìdì ní Ìjùmú ni ìlú Nike Okundaye, àwọn Bùnú ló sì ni aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àgbà. Bí ahunṣọ bá fẹ́ tà fún ẹni tó wà lókè òkun, òwú ni ẹni yẹn fẹ́ rí. Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá, kó rọra fẹ́ orí aṣọ kọjá, wàá rí ibi tí òwú ìbú ti gun òwú òòró. Ti pupa le jù. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà fi hàn ọ́ lè dára lápapọ̀, síbẹ̀ kí pupa nìkan ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá náà á wá di pupa pẹrẹsẹ bí ọ̀dà ilé. Lójú kámẹ́rà rẹ, ṣí àwòrán ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ (histogram) tó ya pupa, gírínì àti búlúù sọ́tọ̀, kí o sì dín ìmọ́lẹ̀ kù títí pupa kò fi ní kan etí ọ̀tún àwòrán náà mọ́. Má ṣe yà á lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú, ewé á da àwọ̀ tirẹ̀ lé e.

Owó. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún ọ, ìwọ tí o ya fọ́tò ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ àyàfi tí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ó ṣòroó sọ fún alàgbà ìjọ rẹ tó gbé iṣẹ́ fún ọ. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin. Mo máa ń mú bébà kan, mo máa ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ ibi tí ẹ máa lò ó sílẹ̀, kí n lè mọ iye tí mo máa bù fún yín.” Kàlẹ́ńdà ọdún kan ní iye tirẹ̀, pátákó títì ní tirẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló máa ń gé àwọn tí wọn kò nílò kúrò. Àbọ̀ owó máa wọlé kí n tó kúrò nílé.

Ìgbà mìíràn sì wà tí ìdáhùn á fi hàn pé wọn kò nílò mi. Ìyá kan ní Ìyàrà fẹ́ kí n wá ya gààrí òun, kó lè máa gbé e sórí WhatsApp. Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi fóònù yà á. Ẹ gbé abọ́ náà sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù, ẹ pa fíláàṣì, kí ẹ na bébà funfun sí òdìkejì ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Bó bá di ọjọ́ tí ẹ máa tẹ fọ́tò sára àpò, ẹ pè mí.”