Ṣọ́ọ̀ṣì Hebron ní Virginia àti Itẹ́ Òkú Rẹ̀

Láti Culpeper ni mo ti gba ọ̀nà lọ sí Madison ní ìpínlẹ̀ Virginia, tí òkè Blue Ridge ń bá mi lọ ní apá ọ̀tún, títí mo fi yà sí ọ̀nà oko tó gbé mi dé Ṣọ́ọ̀ṣì Hebron. Ilé onípákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun ni. Ọdún 1740 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọ Lútérù sì ń jọ́sìn nínú rẹ̀ títí di òní.

Àwọn ará Jámánì tó dá ìjọ náà sílẹ̀ gúnlẹ̀ sí Virginia ní nǹkan bí ọdún 1717. Ilẹ̀ Gómìnà Alexander Spotswood ni wọ́n ti kọ́kọ́ sìn ní Germanna, nítorí gbèsè owó ọkọ̀ ojú omi wà lọ́rùn wọn. Ìgbà tí wọ́n bọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ṣí lọ sí àfonífojì odò Robinson. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí àlùfáà. Ní 1733 ni Johann Caspar Stoever gba ipò náà, nígbà tó sì di ọdún kejì, òun àti àwọn méjì nínú ìjọ wọ ọkọ̀ padà sí Yúróòpù láti lọ tọrọ owó. Wọ́n rí owó kó jọ, ṣùgbọ́n Stoever kú sójú òkun nígbà tó ń bọ̀, kò sì fojú kan ilé tí wọ́n fi í kọ́.

Kì í ṣe pákó àti ìṣó nìkan ni owó ọrẹ yìí rà. Wọ́n fi ra ilẹ̀ oko, wọ́n sì fi ra ẹrú tí yóò máa ro ó, kí àlùfáà lè máa rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko olóko ni wọ́n ṣe èyí, ohun tó sì ká mi lára jù nìyẹn.

Ẹwà inú ilé náà kò ṣeé sẹ́. Wọ́n ya àwòrán sí àjà rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dùùrù onípáìpù tí David Tannenberg ṣe ní Lititz, Pennsylvania, ní 1802 sì ṣì wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n fi kó o wá láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Bí páìpù rẹ̀ kò ṣe tẹ̀ lójú ọ̀nà ìgbà náà yà mí lẹ́nu.

Ní itẹ́ òkú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ àwọn ìdílé Jámánì wọ̀nyẹn ló pọ̀ lára òkúta. Ẹni tó bá ń wá William Carpenter, tó jẹ́ àlùfáà wọn fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò ní rí i níbẹ̀, nítorí ó tẹ̀ lé àwọn ọmọ ìjọ tó ṣí lọ sí Kentucky ní 1813, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ti àwọn ẹrú ìjọ ni mo wá lára àwọn òkúta tí mo kà, tí n kò rí. Yorùbá kò pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó wá sí Virginia nígbà náà. Ìgbò àti àwọn ará Senegambia ló pọ̀ jù. Síbẹ̀, ọmọ ẹni tí ń sin bàbá rẹ̀ sínú ilé kí ojú má baà kúrò lára ibojì kò lè rìn kọjá níbẹ̀ láìbéèrè ibi tí wọ́n sin àwọn tó ro oko àlùfáà sí.